Kílò Mẹ́rìndínlógún

Ajé, 6 oṣù karùn-ún

Èsì àyẹ̀wò ti dé. Ẹ̀jẹ̀ mi bá ti àbúrò mi tí kíndìnrín rẹ̀ ti daṣẹ́ sílẹ̀ mu, kíndìnrín mi méjèèjì ń ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ, ọ̀kan sì lè di tirẹ̀. Dókítà náà, ọkùnrin kan tí kò tíì pé ogójì ọdún, ṣí ìwé náà síwá sẹ́yìn. Ó wá gbójú sókè, ó wò mí láti orí dé ikùn, ojú rẹ̀ sì dúró síbẹ̀.

"Bàbá, kíndìnrín yín dára. Ara tó gbé e ni kò dára."

Kílò 104 ni mo wọ̀n. Ó ní tí wọ́n bá fi ọ̀bẹ kan ẹni tó sanra tó báyìí, ọgbẹ́ kì í tètè jinná, abẹ́rẹ́ oorun sì lè má fẹ́ dá irú ẹni bẹ́ẹ̀ padà. Ó ní kí n wá sí 88 ká tó jọ sọ̀rọ̀ ọjọ́ iṣẹ́ abẹ. Mo bi í pé báwo. Ó ní kí n dín oúnjẹ kù. Mo ní ṣé kò sí oògùn tí mo lè lò ni. Ó ní ebi ni oògùn rẹ̀.

Mo sọ fún un pé iṣẹ́ búrẹ́dì ni mò ń ṣe. Ó rẹ́rìn-ín. Ó rò pé àwàdà ni.

Ìyàwó mi nìkan ni mo sọ fún. A fẹnu kò pé Ìyá wa kò gbọdọ̀ gbọ́. Orí tábìlì iṣẹ́ abẹ ni bàbá wa kú sí. Láti ìgbà náà, tí Ìyá wa bá rí ọkọ̀ ilé ìwòsàn tó ń pariwo lójú pópó, ṣe ló máa ń kọjú sí ògiri títí yóò fi kọjá.

Ọjọ́rú, 8

Obìnrin tó ń tọ́ àwọn aláìsàn sọ́nà nípa oúnjẹ fún mi ní òṣùwọ̀n kékeré kan tí kò tóbi ju ọmọrí ìkòkò lọ. Gbogbo ohun tó bá máa wọ ẹnu mi gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gun orí rẹ̀. Mo ti sọ obìnrin náà ní Ìyá Òṣùwọ̀n nínú ọkàn mi. Ó ṣírò, ó ní kálórì tí mò ń jẹ lójúmọ́ tó ti ọkùnrin méjì. Mo ní mi ò mọ̀ pé ẹnì kejì wà níbẹ̀.

"Òun ló wà níwájú yín yẹn." Ó na bírò sí ikùn mi.

Àárọ̀: ẹyin bíbọ̀ méjì àti kùkúńbà. Ọ̀sán: ẹja, ẹ̀fọ́, ìrẹsì tí kò kún ọwọ́. Alẹ́: ẹ̀wà ṣíbí mẹ́rin. Búrẹ́dì: òfo. Ó fa ìlà sábẹ́ òfo náà lẹ́ẹ̀mejì.

Ọjọ́bọ̀, 9

Láti ọdún tí mo ti ní ààrò tèmi, èmi ni mo máa ń kọ́kọ́ já ìdí búrẹ́dì tó bá ṣáájú jáde láàárọ̀. Ibẹ̀ ni mo ti ń mọ̀ bóyá iyọ̀ pé. Lónìí mo gbé e fún Bàbá Ààrò, àgbàlagbà tó ń bá mi ṣọ́ iná.

"Ẹ bá mi tọ́ ọ wò."

Ó wò mí. "Ọ̀gá, ṣé eyín ń dùn yín ni?"

"Eyín ń dùn mí."

Ó jẹ ẹ́, ó ní iyọ̀ pé. Iyọ̀ kò pé. Oníbàárà mẹ́ta ló sọ ọ́ fún mi kí ọjà tó tán.

Ẹtì, 10

Ebi ní àkókò tirẹ̀. Aago mẹ́wàá àárọ̀ ló ń dé, kì í kan ilẹ̀kùn. Ó kọ́kọ́ ń jókòó sí abẹ́ àyà, jẹ́jẹ́, bí àlejò tí kò fẹ́ yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Tó bá fi máa di aago mọ́kànlá, ó ti na ẹsẹ̀. Mo mu omi. Omi náà ń rìn nínú ikùn mi, mò ń gbọ́ ọ bó ṣe ń lọ.

Ìṣẹ́gun, 14

Òjò látàárọ̀. Ìyẹ̀fun tún ti gbówó lórí. Ebi.

Àbámẹ́ta, 18

Mo lọ jókòó ti àbúrò mi lórí ẹ̀rọ tó ń fọ ẹ̀jẹ̀. Olùkọ́ ni, àwọn ọmọ kíláàsì kejì ló ń kọ́. Ní báyìí, ọjọ́ mẹ́ta láàárín ọ̀sẹ̀ ni ẹlòmíràn ń bá a dúró níwájú pátákó. Rọ́bà méjì wà ní apá rẹ̀, ọ̀kan ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ, èkejì ń gbé e bọ̀. Ojú mi ti mọ́ ọn, n kì í wò ó bí mo ṣe ń wò ó tẹ́lẹ̀ mọ́.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀rẹ̀kẹ́ yín ti ń wọlé. Kí lẹ jẹ láàárọ̀?"

"Ẹyin méjì."

"Ti adìyẹ àbí ti ológoṣẹ́?"

Nọ́ọ̀sì tó wà nítòsí bú sẹ́rìn-ín.

Ife omi kékeré kan péré ni wọ́n gbà á láyè láti mu lójúmọ́, nítorí kò sí ibi tí omi náà máa gbà jáde. A bẹ̀rẹ̀ sí í jiyàn lórí èyí tó burú jù, ebi àbí òùngbẹ. Kò gbà fún mi, èmi náà ò gbà fún un. Nígbà tó rẹ̀ wá, ó kọ́ mi ní ọgbọ́n tirẹ̀: kí n fi ègé yìnyín kan sábẹ́ ahọ́n.

"Ẹ má fi eyín fọ́ ọ o. Ẹ jẹ́ kó yọ́ fúnra rẹ̀. Kó tó yọ́ tán, òùngbẹ á ti gbàgbé ohun tó bá wá."

"Ebi kì í gbàgbé."

"Ẹ ti dán an wò ni?"

Nígbà tí mo dìde láti máa lọ, ó di etí ẹ̀wù mi mú. "Ẹ̀gbọ́n mi, tí kò bá ṣeé ṣe, kò ṣeé ṣe náà nìyẹn. Mi ò ní bínú."

Mo ní kó sinmi.

Àìkú, 19

Yìnyín náà ṣiṣẹ́ fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

Ajé, 27

Kílò 100. Ìyá Òṣùwọ̀n ní omi ló pọ̀ jù nínú mẹ́rin tó lọ, kí n má tíì máa jó.

Ìyá wa, tó ń gbé yàrá ẹ̀yìn lọ́dọ̀ wa, ti bẹ̀rẹ̀ sí í wò mí bí ẹni ń wo kẹ́ẹ̀gì tó ń jò. Ní ìrọ̀lẹ́ àná, ó gbé àwo oúnjẹ mi, ó yí i wò lọ́tùn-ún lósì, ó gbé e kalẹ̀ níwájú ìyàwó mi.

"Ìyàwó, ṣé ológbò la fẹ́ fún ní èyí ni?"

"Màmá, ọkọ mi ló ní kó mọ bẹ́ẹ̀."

"Ta ló ń bi ọkùnrin pé mélòó ló máa jẹ? Ṣe ni wọ́n ń bù ú."

Mo ní inú ló ń yọ mí lẹ́nu. Ó ní inú tó bá ń yọni lẹ́nu, oúnjẹ ni wọ́n fi ń bẹ̀ ẹ́. Ó ní ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́, ìdí nìyẹn tí ohun tí òun ń sọ kò fi yé mi.

Láàárọ̀ yìí mo bá ẹja díndín méjì nínú báàgì iṣẹ́ mi, ó fi bébà wé wọn dáadáa. Mo kó wọn fún Bàbá Ààrò. Ó bi mí bóyá eyín ṣì ń dùn mí. Mo ní ó ṣì ń dùn mí. Ó gbàdúrà gígùn fún eyín mi kó tó jẹ ẹja náà.

Ọjọ́bọ̀, 6 oṣù kẹfà

Mo jẹ búrẹ́dì.

Kì í ṣe pé ebi òní ju ti àná lọ. Páànù kan bọ́ lọ́wọ́ Bàbá Ààrò, búrẹ́dì dà sílẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ láti ṣa wọ́n. Ọ̀kan ṣẹ́ sí méjì lọ́wọ́ mi, ooru inú rẹ̀ sì fẹ́ lù mí lójú. Mo mọ̀ pé mo rìn lọ sẹ́yìn àpò ìyẹ̀fun. Ohun tí mo mọ̀ tẹ̀lé e ni pé ọwọ́ mi kan ti ṣófo.

Mo gbé ìlàjì tó kù sórí òṣùwọ̀n kí n lè mọ ìwọ̀n èyí tí mo jẹ. N kò jẹ oúnjẹ ọ̀sán, n kò jẹ ti alẹ́.

Ìṣẹ́gun, 11

Mo sọ ọ́ fún Ìyá Òṣùwọ̀n. Mo rò pé ó máa bínú sí búrẹ́dì náà. Oúnjẹ tí n kò jẹ lẹ́yìn rẹ̀ ló bínú sí.

"Bàbá, kóòtù kọ́ nìyí. Kò sẹ́ni tó ní kí ẹ máa dá ẹjọ́ fún ara yín. Tí ẹ bá ṣubú, ẹ dìde, kí ẹ jẹun ọ̀sán yín."

Ó ní kí n máa fi ẹsẹ̀ rìn lọ síbi iṣẹ́, kí n sì máa fi ẹsẹ̀ rìn bọ̀. Mo ti bẹ̀rẹ̀. Ajá ilé alágbàfọ̀ ti mọ̀ mí báyìí, kì í gbó mi mọ́.

Àbámẹ́ta, 22

97. Ìyàwó mi, aránṣọ ni, ti dín ìbàdí ṣòkòtò mi kù lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní tó bá tún di ẹ̀ẹ̀kẹta, àpò méjèèjì máa pàdé lẹ́yìn.

Ọjà ń falẹ̀. Mo ti ń dá òjò lẹ́bi. Bàbá Ààrò ló fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan lónìí.

"Ọ̀gá, ẹ má bínú sí mi. Wọ́n ní àìsàn ń ṣe yín. Wọ́n ní ta ló fẹ́ jẹ búrẹ́dì tí aláìsàn pò."

"Àwọn ta ni?"

"Gbogbo wọn."

Ó jọ pé obìnrin tó ń ta ọṣẹ lódìkejì títì ti fún mi ní àrùn mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Mo wá sọ òótọ́ fún Bàbá Ààrò níbi tí a dúró sí, lẹ́nu ààrò. Ó gbọ́ ọ tán, ó sì yí àwọn búrẹ́dì tó wà nínú iná padà kó tó sọ̀rọ̀.

"Ìyẹn ni pé kì í ṣe eyín."

"Kì í ṣe eyín."

"Ẹja Màmá dùn o." Ó ti ilẹ̀kùn ààrò. "Ẹ jẹ́ kí n mójú tó ọ̀rọ̀ àwọn oníbàárà."

Ọjọ́rú, 26

Ọjà ti padà sípò, ó tiẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Bàbá Ààrò ló sọ fún wọn pé mo fẹ́ gbé ìyàwó kékeré, pé òun ni mò ń torí ẹ̀ dín ikùn kù. Àwọn èèyàn ń wá ra búrẹ́dì kí wọ́n lè yọjú wò mí. Obìnrin ọlọ́ṣẹ náà ra mẹ́ta.

Ìyàwó mi ti gbọ́. Ó ní kí n bá òun kí ìyàwó tuntun, kí n sì sọ fún un pé ẹ̀wà ṣíbí mẹ́rin ló ń bọ̀ wá pín.

Ìṣẹ́gun, 16 oṣù keje

96. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá, 96. Ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú rẹ̀, 96. Ìyá Òṣùwọ̀n ní ara máa ń kọ̀ nígbà mìíràn, pé kí n ṣe sùúrù pẹ̀lú rẹ̀. N kò mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe sùúrù pẹ̀lú ara. Mò ń ṣe é ṣá.

Ẹtì, 19

Àbúrò mi dákú lórí ẹ̀rọ lónìí. Ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ já wálẹ̀ lójijì, ojú rẹ̀ yí, ó sì bì. Ó jí padà. Wọ́n dá a dúró sí ilé ìwòsàn. Dókítà sọ fún mi ní ẹnu ọ̀nà pé iṣan apá tí wọ́n ń lò ti ń dí, pé ọkàn rẹ̀ náà ń ṣe wàhálà. Kò ní kí n ṣe kíá. Kò dìgbà tó bá sọ ọ́ kí n tó mọ̀.

Láti ọ̀la, ẹ̀ẹ̀kan ni mo máa máa jẹun lójúmọ́. N kò ní sọ fún Ìyá Òṣùwọ̀n. N kò ní sọ fún ìyàwó mi pẹ̀lú. Màá ní mo ti jẹun níbi iṣẹ́.

Ajé, 22

Ẹyin mẹ́ta. Omi. Yìnyín. Ebi ti dákẹ́ pátápátá láti àná. Mo rò pé mo ti borí rẹ̀.

Ọjọ́rú, 24

94. Mo da iyọ̀ síbi tí ṣúgà yẹ kó wà, gbogbo ohun tí a pò láàárọ̀ di ti àwọn ẹlẹ́dẹ̀. Bàbá Ààrò gbé ike ṣúgà àti ike iyọ̀ jìnnà síra wọn.

Àìkú, 28

Ọwọ́ òsì ni mo fi ń kọ èyí, nítorí náà kò ní gùn. Ó ti gùn ná.

Lọ́jọ́ Ẹtì, mò ń fa páànù jáde nínú ààrò, ilẹ̀ sì yí. Apá mi ọ̀tún ló kọ́kọ́ kan irin. N kò gbọ́ ìrora, mo kàn gbọ́ òórùn. Bàbá Ààrò ló gbá mi ní àmùrè mú, tó fà mí kúrò lẹ́nu iná, ó ti apá náà bọ garawa omi, ó ń pariwo pé "Ọ̀gá! Ọ̀gá!" bí ẹni pé mo ti lọ ọ̀nà jíjìn.

Nígbà tí wọ́n pe ilé, Ìyá wa ló gbé fóònù. Ó dé ilé ìwòsàn pẹ̀lú ìyàwó mi, bàtà ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì kò bára mu. Dókítà ti ń bá mi wí, kò mọ ẹni tó wọlé.

"Bàbá, a ò lè yọ kíndìnrín lára ẹni tó ń fi ebi pa ara rẹ̀. Ó di ìgbà tí ọgbẹ́ yìí bá jinná."

Ìyá wa ní, "Kíndìnrín ta ni?"

Dókítà wo èmi àti ìyàwó mi.

"Mo ní kíndìnrín ta ni?"

Mo ní tèmi ni. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Kò ké, kò lu ara rẹ̀. Ó jókòó sórí àga tó wà lẹ́bàá ìbùsùn, ó ń fi àtẹ́lẹwọ́ ra orúnkún.

"Ọmọ méjì ló kù fún mi láyé. Ẹ wá fẹ́ kó ara yín sábẹ́ ọ̀bẹ lọ́jọ́ kan náà, ẹ ò sì fẹ́ kí n mọ̀. Ta ló fẹ́ wá sọ fún mi? Ẹni tó gbọ́kọ̀ òkú wá ni?"

Láti ìgbà náà kò bá mi sọ̀rọ̀. Ìyá Òṣùwọ̀n náà wá. N kò ní kọ ohun tó sọ.

Ajé, 29

Àbúrò mi pè.

"Ẹ̀gbọ́n mi, mi ò gbà á mọ́."

"Kí lo ò gbà?"

"Kíndìnrín yín. Màmá pè mí. Wọ́n ń sunkún débi pé ìdajì ọ̀rọ̀ ni mo gbọ́, èyí tí mo gbọ́ sì tó."

"Apá lásán ni. Ó ti ń gbẹ."

"Lónìí, apá ni. Ẹ ní ìyàwó, ẹ ní ọmọ. Tí nǹkan bá ṣe yín, ojú wo ni mo fẹ́ fi wò wọ́n? Kí n máa fi ohun tí mo gbà lára yín rìn kiri níwájú wọn?"

Mo ní òun kọ́ ló máa pinnu. Ó ní inú ara òun ni wọ́n fẹ́ gbé e sí. Òótọ́ ni. Ó pa fóònù.

Mo jẹ oúnjẹ àárọ̀, mo jẹ ti ọ̀sán, mo jẹ ti alẹ́, gbogbo rẹ̀ gun òṣùwọ̀n. N kò mọ ẹni tí mò ń wọ̀n ọ́n fún mọ́.

Àbámẹ́ta, 3 oṣù kẹjọ

Ìyá wa jáde láàárọ̀ kùtù láìsọ ibi tó ń lọ. Ìyàwó mi wá a dé ìkóríta. Nígbà tó fi máa padà dé, oòrùn ti yí kúrò lójú fèrèsé ilé ìdáná, mo sì dúró níbẹ̀, mò ń fi ọwọ́ kan gé tòmátì. Ó gba ọ̀bẹ lọ́wọ́ mi. Ó lé ní ọ̀sẹ̀ kan tí a ti sún mọ́ra tó bẹ́ẹ̀.

"Mo lọ jókòó tì í," ó ní.

Láti ọjọ́ tí àbúrò mi ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀rọ náà, Ìyá wa kò wọ yàrá yẹn rí. Ọgbà ilé ìwòsàn ló máa ń dúró sí pẹ̀lú ike oúnjẹ, títí wọn yóò fi mú un jáde.

"Mo jókòó láti ìgbà tí wọ́n so ó mọ́ ọn títí wọ́n fi tú u. Mo rí ẹ̀jẹ̀ ọmọ mi tó ń rìn nínú rọ́bà níta gbangba. Mo ní kí nọ́ọ̀sì fi aṣọ bò ó. Ó ní, 'Màmá, a kì í bò ó, a ní láti máa rí i.' Nígbà tí wọ́n tú u tán, kò lè gbé báàgì ara rẹ̀. Báàgì tí kò sí nǹkan nínú ẹ̀ ju ìwé àwọn ọmọdé lọ."

Ó gé tòmátì náà tán. Ó tún ń gé èyí tó ti gé.

"Mo ti ń bẹ Ọlọ́run pé kí ewu má wọlé wa. Ewu ti wà nínú ilé tipẹ́. Èmi ni mi ò fẹ́ wo ojú ẹ̀."

Mo ní, "Màmá, ó ní òun ò gbà á mọ́."

"Ó ti gbà á."

"Ó sọ fún mi pé—"

"Mo ní ó ti gbà á. Ọ̀dọ̀ mi ló ti rí agídí, tèmi ṣì ju tiẹ̀ lọ." Ó nu ọwọ́ rẹ̀ sí ìdí aṣọ. "Gbé nǹkan yẹn wá. Báwo ni wọ́n ṣe ń kà á?"

Mo gbé òṣùwọ̀n náà fún un.

Ìṣẹ́gun, 6

Ìyá Òṣùwọ̀n ti di méjì. Tilé yìí le ju ti ọ̀hún lọ. Ní alẹ́ àná, àmì òṣùwọ̀n náà kọjá ibi tó yẹ, Ìyá wa sì fi orí ṣíbí mú hóró ẹ̀wà kan ṣoṣo kúrò. Ó bẹ̀rẹ̀, ó wò ó, ó mú ìkejì. Ìyàwó mi sáré jáde kí Ìyá wa má bàa gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀.

Ọjọ́rú, 14

92. Ọgbẹ́ apá mi ti ń bó èèpo, ó ń yún mí. Òjò ti dáwọ́ dúró, ooru ti gba ipò rẹ̀. Ṣúgà kò sí lọ́jà. Búrẹ́dì aláìládùn là ń ṣe, àwọn èèyàn sì ń rà á bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀.

Ebi ṣì ń wá lójoojúmọ́. Kò dín kù rárá. Àmọ́ n kò bá a jà mọ́, n kò sì bẹ̀ ẹ́. Mò ń po ìyẹ̀fun, òun náà ń ṣe tirẹ̀.

Àìkú, 25

Ọmọ mi obìnrin pé ọdún mọ́kànlá. Mo fi ọwọ́ ara mi ṣe kéèkì rẹ̀. Ìyá Òṣùwọ̀n ti yọ̀ǹda ègé kan fún mi, bí páálí ìṣáná. Ìyá wa gé e, ó wọ̀n ọ́n, ó fi ọ̀bẹ fá etí rẹ̀ díẹ̀, ó wá gbé e fún mi tòun ti àwo.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹ́ nígbà tí wọ́n ń kọrin fún ọmọ náà. Wọ́n ti ń fọ abọ́ kí n tó jẹ ẹ́ tán. N kò rò pé mo ti jẹ kéèkì rí ṣáájú òní, mo kàn ń gbé e mì ni.

Ìṣẹ́gun, 3 oṣù kẹsàn-án

Ìyá wa tẹ̀ lé mi dé ilé ìwòsàn. Dókítà ní kí n bọ́ bàtà kí n tó gun òṣùwọ̀n. Ìyá wa ní kí n bọ́ aago ọwọ́. Ó ní kí n yọ ìgbànú. Ó wo ṣòkòtò mi, dókítà sáré ní ó ti tó.

88.

Dókítà wo apá mi, ó tẹ ojú ọgbẹ́ náà, ó ní ó ti jinná. Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni. Ìyá wa kí i pé ó ṣeun, ó bọ́ síta, ó sì lọ kọjú sí ògiri fún ìgbà díẹ̀. A dúró dè é.

Ọjọ́rú, 11

Wọ́n ti gbà wá sílé ìwòsàn, yàrá èmi àti àbúrò mi dojú kọra. Nọ́ọ̀sì wá sọ pé n kò gbọdọ̀ jẹ nǹkan kan mọ́ títí di ìgbà tí iṣẹ́ abẹ bá parí. Ó fọwọ́ pa mí lápá. "Bàbá, ebi máa pa yín díẹ̀ o. Ẹ máa fara dà á." Mo rẹ́rìn-ín títí ó fi bi mí bóyá kí òun pe dókítà.

Àárín ọ̀nà ni Ìyá wa gbé àga sí, sí ìdọ́gba ilẹ̀kùn méjèèjì. Ìyàwó mi ń to aṣọ mi tí kò sí ohun tó ṣe é.

Ẹ̀rù ń bà mí. Mo kọ ọ́ síbí kí n má bàa sọ ọ́ síta.

Ẹtì, 13

Mo wà láàyè. Ó dùn mí.

Àìkú, 15

Àbúrò mi náà wà láàyè. Ṣùgbọ́n kíndìnrín náà kò tíì jí. Bí dókítà ṣe sọ ọ́ nìyẹn: ó ń sùn. Ó ní ó máa ń rí bẹ́ẹ̀ nígbà mìíràn, ó lè lo ọjọ́ díẹ̀. Mo bi í pé tí kò bá jí ńkọ́. Ó ní ká mú sùúrù.

Ọ̀rá tí wọ́n so mọ́ ẹ̀gbẹ́ ìbùsùn rẹ̀ láti gba ìtọ̀ gbẹ táútáú. Wọ́n tún ti gbé e lọ sórí ẹ̀rọ. Ó ti lé lọ́dún kan tí kò tọ̀.

Wọ́n gbé oúnjẹ wá fún mi ní ọ̀sán: ìrẹsì, adìyẹ, búrẹ́dì tí kì í ṣe tèmi. Kò sí òṣùwọ̀n. Kò sẹ́ni tó ń ṣọ́ mi. N kò lè jẹ ẹ́.

Ìṣẹ́gun, 17

Kò tíì sí nǹkan kan. Ìyá wa kò lọ sílé. Ó bi dókítà bóyá wọ́n lè gba tòun náà kún un. Dókítà ní ó ti dàgbà jù. Ìyá wa ní kí ló dé, ṣé ọjọ́ orí ni wọ́n fẹ́ lò ni.

Ọjọ́rú, 18

Mò ń gbìyànjú láti jókòó lórí ìbùsùn láàárọ̀ nígbà tí Ìyá wa já wọlé, ẹsẹ̀ lásán, gèlè rẹ̀ wà lọ́wọ́.

"Ó ti tọ̀! Ọmọ mi ti tọ̀!"

Ìyàwó mi gbá mi lápá mú, a ń rìn bí ẹni ń rìn lórí ẹyin. Nọ́ọ̀sì fi ìbòmú dí imú wa lẹ́nu ọ̀nà. Àbúrò mi jókòó ti ìrọ̀rí, ojú rẹ̀ wú, ètè rẹ̀ gbẹ. Ọ̀rá ẹ̀gbẹ́ ìbùsùn náà kún, nọ́ọ̀sì kejì sì ń tú u sínú ike tí wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n, ó ń ka ìlà ara rẹ̀ sókè. Ó ní òru ló ti bẹ̀rẹ̀, kò sì dáwọ́ dúró mọ́.

Ìyá wa ní kí wọ́n jẹ́ kí òun rí i. Nọ́ọ̀sì náà wo ojú wa, ó wá gbé ike náà sún mọ́ ọn. Ìyá wa fi ọwọ́ méjèèjì gbá ìdí rẹ̀ mú, ó bẹ̀rẹ̀, ó wò ó pẹ́ bí ìgbà tí wọ́n bá gbé ọmọ tuntun jáde.

"Ẹ wò ó," ó ní. "Ẹ wò ó bó ṣe mọ́."

Àbúrò mi ní, "Màmá, ta ló jọ?"

Ìyá wa tún yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa. "Ẹ̀gbọ́n rẹ ló jọ."

Ẹ̀rín gbé mi, ojú ibi tí wọ́n ti là mí fà mí, mo di ẹ̀gbẹ́ mú, n kò sì lè dáwọ́ dúró. Àbúrò mi náà di ẹ̀gbẹ́ tirẹ̀ mú. Nọ́ọ̀sì ní kí gbogbo wa jọ̀ọ́ fẹ̀sọ̀ ṣe, pé àwọn aláìsàn wà nínú ilé yìí.